ỌMỌ SÓJÀ TÓ DÚRÓ LẸ́NU Ọ̀NÀ ILÉ-ÌWÉ: ÀMÁÁNÀ TA NI?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá, Ọba tí ó fi ìmọ̀ gbé ọmọ ènìyàn ga ju àwọn ẹ̀dá yòókù lọ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànọ́bì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Ọ̀rọ̀ ọmọ sójà ni a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé nítòsí bárékè, tí a sì ń bá àwọn ọmọ wọ̀nyí kírun nínú mọ́sálásí kan náà. A mọ̀ wọ́n lójú, a mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bárékè pé, "Ilé-ìwé wo lo ti wá wọ̀ níbí?" Ìbéèrè kékeré ni. Bí a bá bèèrè rẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé ìdáhùn rẹ̀ lè gbé wa dé iwájú Ọlọ́hun.

OHUN TÓ WÀ NÍLẸ̀

Iṣẹ́ àṣẹ ni iṣẹ́ ológun. Sójà kì í yan ìlú tí yóò gbé. Bí ìwé bá ti dé pé kí ó kúrò ní Maiduguri kí ó máa bọ̀ ní Ìbàdàn, tàbí kí ó kúrò ní Kàdúná kí ó lọ sí Àkúrẹ́, àfi kí ó di ẹrù rẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ kì í wo ọjọ́ ìwọlé tàbí ọjọ́ ìdánwò. Ó lè dé nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lè dé nígbà tí táàmù ti lọ dé ìdajì. Nígbà mìíràn, bàbá yóò ti lọ sójú ogun, ìyá nìkan ni yóò kó àwọn ọmọ dé ìlú tí kò mọ ẹnì kan. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àjálù ni yóò lé wọn jáde. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí àwọn ohun ìjà tí wọ́n kó pamọ́ sí àgọ́ ológun Ìkẹjà bú gbàmù, ó lé ní 1,000 ènìyàn tó bá a lọ, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé sá jáde láìmú nǹkan kan lọ́wọ́. Ta ni yóò ráyè wá ìwé ìbí ọmọ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀?

Bí ìdílé náà bá wá dé ìlú tuntun, ilé-ìwé ni ìyá yóò kọ́kọ́ lọ. Wọn yóò béèrè ìwé tírànsífà, risọ́ọ̀tì táàmù tó kọjá, ìwé ìbí, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. A kò sọ pé kò tọ́ kí ilé-ìwé béèrè nǹkan wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kù nínú wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni obìnrin yìí yóò gbọ́: "Ẹ lọ mú un wá." Ó rọrùn lẹ́nu. Ibi tí wọ́n ní kí ó ti lọ mú un wá lè jẹ́ ìrìn-àjò ọjọ́ méjì, kí ilé-ìwé tó fi sílẹ̀ sì ti di àwókù. Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Obìnrin náà kò mọ ọ́fíìsì tí ènìyàn ń lọ, kò mọ ẹni tí ó lè bá òun sọ̀rọ̀. Yóò mú ọmọ rẹ̀ padà sílé, yóò sì sọ pé ó di táàmù tó ń bọ̀.

Àwọn tí wọ́n gbà wọlé pàápàá kò bọ́ nínú ìṣòro. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀, nítorí náà ọmọ lè kúrò níbi tí wọn kò tíì ṣe ìdánwò kí ó dé ibi tí wọ́n ti ṣe é tán. Ní ilé-ìwé girama kékeré, èdè àdúgbò ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ tí ó ti kọ́ Haúsá fún ọdún méjì ní Òkè-Ọya yóò dé Abẹ́òkúta, wọn yóò sì gbé ìwé Yorùbá sí i níwájú. Yóò gba òdo. Wọn yóò wo òdo náà, wọn yóò ní olódo ni, wọn yóò dá a padà sí kíláàsì tó wà lẹ́yìn. Ọmọ náà kò ya olódo rárá. Ibi tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ ló yí padà.

Ti ọmọ tó wà ní kíláàsì àṣekágbá tún wá le jù. Ilé-ìwé ló ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC. Ọmọ tí ó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ìwé orúkọ, ọdún kan ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Lóòótọ́, àwọn ológun ní ilé-ìwé tiwọn. Ilé-ẹ̀kọ́ Nigerian Military School ti wà ní Zaria láti ọdún 1954, àwọn Command Secondary School wà ní Ìbàdàn, ní Èkó àti níbòmíràn, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì wà nínú ọ̀pọ̀ bárékè. A dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ sójà ló ń rí àyè níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo owó oṣù sójà kékeré ló ká a. Ọmọ tí kò bá rí àyè, ibo ni yóò wà láti àárọ̀ di alẹ́? Inú mámì máàkẹ́ẹ̀tì ni, níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí, tí àwọn àgbàlagbà ti ń sọ ohun tí kò yẹ kí etí ọmọdé gbọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ má jẹ́ kí á rò pé ilé bàbá rẹ̀ nìkan ni yóò tà.

ÀWỌN ỌMỌ JA'FAR

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ẹ̀sìn wa sọ. Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ ọmọ jagunjagun tí wọ́n ń gbé láti ìlú dé ìlú, kí á lọ wo ilé Ja'far ọmọ Abi Talib, ọmọ arákùnrin bàbá Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a).

Ja'far àti aya rẹ̀, Asma'u ọmọ Umays, wà lára àwọn mùsùlùmí tó sá kúrò ní Makkah lọ sí ilẹ̀ Habasha nítorí inúnibíni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Abdullah àti àwọn àbúrò rẹ̀. Èdè ibẹ̀ yàtọ̀, oúnjẹ ibẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tó di ọdún keje lẹ́yìn Hijira, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sọdá òkun, wọ́n wá sí Madinah, ìlú tí àwọn ọmọ náà kò gbé rí. Wọn kò tíì pé ọdún méjì níbẹ̀ tí wọ́n fi rán Ja'far lọ sí ogun Mu'tah, ní ọdún kẹjọ Hijira, tí í ṣe ọdún 629. Kò padà wálé.

Ẹ wo ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe. Àwọn tó gbà á wá fún wa sọ pé òun fúnra rẹ̀ ló rìn lọ sí ilé Ja'far. Asma'u ti po ìyẹ̀fun rẹ̀, ó ti wẹ àwọn ọmọ, ó ti fi òróró pa wọ́n lára, ó ń retí ọkọ rẹ̀. Ànọ́bì ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ náà wá, ó gbá wọn mọ́ra, omi sì jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pàṣẹ pé kí àwọn ènìyàn se oúnjẹ fún ará ilé Ja'far, nítorí pé ohun tó dé bá wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n ráyè dáná. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó tún padà wá. Ó ní kí wọ́n pe onífárí wá, ó sì jẹ́ kí ó fá orí àwọn ọmọ náà. Ó yìn wọ́n, ó ní ọ̀kan jọ báyìí, èkejì jọ báyìí, ó sì ṣe àdúrà àlùbáríkà fún Abdullah nínú òwò rẹ̀. Nígbà tí ìyá wọn mẹ́nu ba ipò ọmọ òrukàn tí wọ́n wà, ó dá a lóhùn pé kí ó má bẹ̀rù òṣì lórí wọn, nítorí pé òun ni aláàbò wọn ní ayé àti ní ọ̀run.

Ẹ̀yin ará, ẹ fi ọkàn bá ọ̀rọ̀ onífárí yẹn lọ. Olórí ìlú ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ọ̀gá ogun ni, ìránṣẹ́ Ọlọ́hun sí gbogbo ayé ni. Síbẹ̀ ó ráyè ronú kan irun orí ọmọ jagunjagun. Kò fi àdúrà nìkan dá ìyá wọn lóhùn. Oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ bójú tó, ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìmọ́tótó, ó yìn wọ́n kí ọkàn wọn lè le, ó sì wá fi ara rẹ̀ ṣe aláàbò wọn. Abdullah yìí dàgbà, ó di ọ̀kan lára àwọn tí ọrẹ wọn gbajúmọ̀ jùlọ ní Madinah. Ọmọ tí wọ́n tọ́jú wá di ẹni tí ń tọ́jú ẹlòmíràn.

Lónìí, fífi orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé wà lára ohun tí fífárí ọmọ Ja'far jẹ́ lọ́jọ́ náà: iṣẹ́ kékeré tí bàbá ì bá ṣe, bí bàbá bá wà nílé.

LÁÁDÁ ẸNI TÓ DÚRÓ NÍLÉ

Ó wà nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá pé ẹni tí ó bá pèsè ohun ìjà fún ẹni tó ń lọ jagun ní ojú ọ̀nà Ọlọ́hun, òun náà ti jagun. Ẹni tí ó bá sì ṣe dáadáa sí ará ilé jagunjagun lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ti jagun. Muslim tún gbà á wá pé ọ̀wọ̀ àwọn aya jagunjagun lára àwọn ọkùnrin tó kù nílé dà bí ọ̀wọ̀ ìyá tó bí wọn. Ẹni tí ó bá sì da jagunjagun lórí ará ilé rẹ̀, wọn yóò dá a dúró fún un ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ kí ó gba ohun tó bá wù ú nínú iṣẹ́ rere rẹ̀.

Nínú Suratu Tawba, Ọlọ́hun fi yé wa pé kò yẹ kí gbogbo onígbàgbọ́ jáde lọ sójú ogun pọ̀. Kí àwọn kan kù láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn kí wọ́n lè kọ́ àwọn tó lọ nígbà tí wọ́n bá dé. A rí i níbí pé ní àsìkò ogun gan-an, Ọlọ́hun kò fẹ́ kí ẹ̀kọ́ dúró. Lẹ́yìn ogun Badr pẹ̀lú, àwọn ẹrú ogun kan wà tí kò ní owó ìràpadà, tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Ansar ní kíkọ ìwé dípò owó. Ogun tó fẹ́ pa ìlú Madinah run ló di ilé-ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọlọ́hun sì kìlọ̀ fún wa nínú Suratu Nisa'i pé kí ẹni tó bá ń bẹ̀rù fún ọmọ aláìlágbára tí òun lè fi sílẹ̀ kú, kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí ọmọ ẹlòmíràn. Bí a ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọmọ wa lẹ́yìn wa, bẹ́ẹ̀ ni kí á ṣe sí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wa.

KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ YÍ OJÚ KÚRÒ

Àwọn tíṣà pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀gá ilé-ìwé wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jùlọ.

Gbogbo wa la mọ ìdí tí Suratu Abasa fi sọ̀ kalẹ̀. Abdullah ọmọ Ummi Maktum, ọkùnrin afọ́jú, wá bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kí ó lè kọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn olórí Kuraysh wà níwájú Ànọ́bì lákòókò náà, ó sì ń retí pé wọn yóò gba ẹ̀sìn. Ó fajú ro, ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ afọ́jú náà. Ọlọ́hun sì bá a wí. Ẹ ronú sí i: ìdí tí Ànọ́bì fi ṣe bẹ́ẹ̀ dára, iṣẹ́ Ọlọ́hun ló ń ṣe lọ́wọ́. Síbẹ̀ wọ́n bá a wí, nítorí pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà, ó sì yẹ kí ó rí ojú rere. Láti ọjọ́ náà ni Ànọ́bì ti ń bu ọlá fún ọkùnrin yìí, tó bẹ́ẹ̀ tí ó máa ń fi í ṣe adelé ní Madinah nígbà tí òun bá lọ sógun.

Bí wọ́n bá lè bá ẹni tó dára jùlọ nínú ẹ̀dá wí nítorí èyí, kí ni a ó sọ fún Ọlọ́hun, àwa tí à ń lé ọmọ padà nítorí pé ìwé kan kù?

Ìtàn kejì ni ti Khalifa Umar, tí ó ṣe olórí láti ọdún 634 sí 644. Umar ló fi ìwé orúkọ àwọn ọmọ ogun àti ìdílé wọn lélẹ̀, tí ó ń ti ibẹ̀ san owó fún wọn. Ó ṣòfin pé ọmọ tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú ni yóò ní ìpín tirẹ̀. Òfin náà kò burú lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Àwọn tó gbà á wá sọ pé lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn oníṣòwò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ẹ̀yìn ìlú, Umar àti Abdur-Rahman ọmọ Awf sì lọ ń ṣọ́ wọn. Umar gbọ́ igbe ọmọ. Ó lọ bẹ ìyá ọmọ náà pé kí ó tọ́jú rẹ̀. Igbe náà kò dáwọ́ dúró; ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà náà ni obìnrin náà, tí kò mọ̀ pé Khalifa ni, sọ fún un pé òun ń fi ipá já a lẹ́nu ọmú ni, nítorí pé Umar kì í san owó fún ọmọ tó ń mu ọmú. Umar kírun Àsùbáà fún àwọn ènìyàn lọ́jọ́ náà, ẹkún kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó ń ké. Lẹ́yìn ìrun, ó ní kí wọ́n kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kánjú já ọmọ lẹ́nu ọmú mọ́. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá ti bí ni yóò ní ìpín.

Òfin wà fún ire ọmọ. Bí òfin bá wá ń mú ọmọ sunkún, ẹni tí òfin wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dìde.

OHUN TÍ ÒFIN ÌLÚ SỌ

Ó yẹ kí ọ̀dọ́ mùsùlùmí mọ òfin ìlú rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ kárí-ayé tí a ń pè ní UBE, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2004, sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ìjọba ní Nàìjíríà láti pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré, ọdún mẹ́sàn-án lápapọ̀. Ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún òbí tó bá kọ̀ láti rán ọmọ rẹ̀ lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 náà sọ ohun tó jọ ọ́. Gbogbo ọmọ ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀. Wọn kò yọ ọmọ àlejò sílẹ̀, wọn kò sì yọ ọmọ tó dé láàárín táàmù sílẹ̀. Nítorí náà, ìyá tó dúró níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé kò wá tọrọ sàárà. Ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ ló wá gbà.

Ohun tó kù ni pé òfin UBE kò ní orí kan tó sọ bí ilé-ìwé yóò ṣe gba ọmọ sójà tí ìwé rẹ̀ kò pé. Ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe ṣe é níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kan náà wà nínú iṣẹ́ ológun, àwọn ìpínlẹ̀ ṣe àdéhùn láàárín ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ọdún 2008 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 2014, gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ti wọ inú rẹ̀. Àdéhùn náà sọ pé kí ilé-ìwé gba ọmọ sójà wọlé pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé tí òbí rẹ̀ gbé lọ́wọ́, kí ilé-ìwé méjèèjì máa bá ara wọn wá ìwé gidi lẹ́yìn náà. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá kù, wọn yóò fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́. Kíláàsì tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni yóò wọ̀. Bí ó bá wà ní kíláàsì àṣekágbá, wọn yóò wá ọ̀nà tí yóò fi jáde lásìkò. Bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, ààbò náà kò ní kúrò lórí ọmọ fún ọdún kan gbáko.

Ọmọ wọlé ná, kí ìwé máa bọ̀ lẹ́yìn: ohun tí Umar ṣe ní Madinah nìyí, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ó tọ́ kí àwọn tó ń ṣe òfin ní ìpínlẹ̀ wa gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè kọ lẹ́tà sí aṣojú rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní ohùn ìtẹríba àti òye.

IṢẸ́ TIWA

Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, iṣẹ́ wà tí kò gba òfin. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó bá wà nítòsí bárékè, ìbáà jẹ́ Odogbo tàbí Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, Alamala ní Abẹ́òkúta, Ọ̀wẹnà ní Àkúrẹ́, Sóbí ní Ìlọrin, tàbí Ìkẹjà àti Ọ̀jọ́ ní Èkó, kí ó yan arákùnrin kan àti arábìnrin méjì tí ọ̀rọ̀ yìí yóò wà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n mọ àwọn ilé-ìwé ìjọba tó yí bárékè ká, kí wọ́n mọ ibi tí àyè wà, kí wọ́n mọ ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọ́n bẹ Lẹ́mọ́mù mọ́sálásí bárékè kí ó máa kéde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé ìdílé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ọmọ rẹ̀ kò tíì wọ ilé-ìwé, kí ó wá rí wọn.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ̀yin ni ẹ máa bá ìyá lọ sí ilé-ìwé. Ẹni tó mọ̀nà ló ń mú àlejò rìn. Ìyá tó bá ní ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í tètè gbà pé "ẹ padà lọ" ni ìparí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ rántí hàdíìsì tí a sọ lókè: bí ìyá yín ni aya ẹni tó wà lójú ogun rí lára yín. Ẹ má wọ ilé rẹ̀ ní ẹ̀yin nìkan. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni kí ẹ bá a sọ, ní gbangba, kí ẹ sì padà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìrun Àlásárì, kí ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní Yorùbá àti ohun tí kíláàsì wọn ti kọ́ kọjá kí wọ́n tó dé. Oṣù mẹ́ta péré lè gba ọmọ lọ́wọ́ ọdún kan tí wọ́n fẹ́ fi dá a padà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé. Ẹ dán an wò lórí ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó pè é ní olódo. Ẹ sì kọ risọ́ọ̀tì fún ọmọ tó ń lọ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bá béèrè. Ẹ má ní kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí pé ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù wọn kò ní dúró.

Ẹ̀yin Àáfà ilé-kéwú, ẹ bi ọmọ léèrè ibi tó kà dé. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú ní Òkè-Ọya yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Kò tọ́ kí á dá ọmọ tó ti ka Suratu Yasin padà sí alífù nítorí pé bí ó ṣe ń pe lẹ́tà kò bá tiwa mu.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ jẹ́ sójà, tiyín náà kù. Ẹ ní báàgì kan tí gbogbo ìwé ọmọ yóò máa wà, ẹ ṣe ẹ̀dà wọn, kí báàgì náà sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò gbé nígbà tí ìwé ìṣípò bá dé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti ra risọ́ọ̀tì ayédèrú tàbí láti yí ọjọ́ orí ọmọ padà kí ó lè wọlé kíákíá. Ìrọ́ kì í ṣe àlùbáríkà fún ẹ̀kọ́. Ọmọ tó fi irọ́ wọ kíláàsì ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan ná kí tíṣà tó wọlé, ẹ̀kọ́ burúkú sì ni.

BÍ ẸNÌKAN BÁ SỌ PÉ...

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò sọ pé, "Ogun tí sójà Nàìjíríà ń jà kọ́ ni ogun ojú ọ̀nà Ọlọ́hun." Àwọn mìíràn yóò sọ pé, "Àwọn tí kì í ṣe mùsùlùmí pọ̀ nínú bárékè."

Ìdáhùn wa ni pé Ọlọ́hun nìkan ló mọ àníyàn tó wà lọ́kàn ẹni tó gbé ìbọn, Òun ni yóò sì ṣèdájọ́ rẹ̀. Ọmọ kò gbé ìbọn. Ẹ̀mí kan kì í ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀mí mìíràn nínú ẹ̀sìn wa, nítorí náà a kò lè fi ọ̀rọ̀ bàbá ti ìlẹ̀kùn ilé-ìwé mọ́ ọmọ lójú. Ní ti ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí, Suratu Mumtahana fi yé wa pé Ọlọ́hun kò kọ̀ fún wa láti ṣe dáadáa àti òdodo sí ẹni tí kò bá wa jà nítorí ẹ̀sìn, tí kò sì lé wa kúrò nílé. Ìyá ọmọ tó dúró níwájú ilé-ìwé kò bá wa jà. Bí arábìnrin wa bá mú òun náà lọ́wọ́ lọ, ìwáàsí tó dára jùlọ nìyẹn.

Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ ìjọba ni láti kọ́ ilé-ìwé àti láti san owó tíṣà. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó mọ̀ lọ́la òde yìí pé ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé kẹta sí mọ́sálásí wa. Àwa la mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni wọn yóò bi wá léèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń kó ẹrù wọ bárékè. Láàárín ẹní àti ìkòkò, ọmọ kan máa ń wà níbẹ̀ tó jókòó lórí àpótí, tó ń wo ìlú tí kò mọ̀. Òun ni àmáánà tó wà lọ́rùn wa. Kí táàmù tó ń bọ̀ tó wọlé, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti mọ iye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó wà ládùúgbò rẹ̀, kí ó sì ti mú ó kéré tán ọ̀kan dé inú kíláàsì.

A bẹ Ọlọ́hun Ọba Aláàánú kí ó fi ìmọ̀ tó ń ṣe ènìyàn ní àǹfààní kẹ́ àwọn ọmọ wa. Kí ó ṣọ́ àwọn tó wà lójú ogun, kí ó mú wọn padà bá ẹbí wọn ní àlàáfíà. Àwọn tó ti lọ, kí ó ṣe aláàbò fún ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Kí ó má jẹ́ kí ọmọ tó ń wá ẹ̀kọ́ ti iwájú wa padà pẹ̀lú omijé, kí ó sì má jẹ́ kí ọmọ tiwa náà dé ibi tí ojú yóò ti yí kúrò lára rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànọ́bì wa Muhammad. Àmín.